Ta Ló Ń Jí Sọ́nskrìn Àǹtí Télọ̀?

Ẹ fà mọ́ mi kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, torí ògiri ilé wa ní Egan yìí, etí ni wọ́n fi mọ ọ́n. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ ṣáà mọ Àǹtí Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún béèyàn bá gba ẹnu géètì wọlé, èyí tí máṣíìnì rẹ̀ kì í jẹ́ ká fojú ba oorun bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan. Òun lọ̀rọ̀ kàn. Bó bá bi yín, ẹ ní ẹ ò rí mi.

Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Peckham ló fi ẹrù ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ ẹrù Lọ́ńdọ̀nù: bàtà tí kò gba ẹsẹ̀, ṣokoléètì tó ti yọ́ mọ́ bébà, aṣọ òtútù téèyàn máa wọ̀ lọ́jọ́ tí yìnyín bá bo Ìgàndó. Ìsàlẹ̀ báàgì ni túùbù ìpara kan wà, wọ́n ya oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín sí i lára, wọ́n kọ SPF 50 sí i gàdàgbà. Àbúrò ní lórí fóònù pé sọ́nskrìn ni, kí ẹ̀gbọ́n òun máa fi pa ojú torí sọ́mà ti wọlé.

Sọ́mà! Ní Egan! Ìyá Alákàrà bú sẹ́rìn-ín nídìí agbada. Ó ní sọ́mà wo, ṣé èyí tó wà láàrin ọyẹ́ àti owó ilé ni àbí èyí tí omi máa ń wọ yàrá bá wa?

Kí n má parọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ inú sọ ọ́. Oṣù mélòó kan ni oòrùn fi ń bá àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣeré lọ́dún, inú wọn a máa dùn débi pé wọn a bọ́ṣọ sùn sórí koríko. Tiwa kì í lọ ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń dúró sí àtàrí Èkó gangan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ẹ dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù Egan láago kan ọ̀sán lásìkò yẹn, kí ẹ wo ilẹ̀: ẹ ò ní rí òjìji yín àfi lábẹ́ bàtà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó ń jó awọ, wọ́n ní bó bá ti di 3, kéèyàn wá nǹkan bora. Níbí, bí ojú ọ̀run bá mọ́, ó máa ń kọjá 10 lọ́sàn-án. Ìkùukùu ò sì dá a dúró tán. Àwa tá a máa ń sọ pé ojú ọjọ́ ṣú, kò sóòrùn lónìí, oòrùn ń wò wá láti ẹ̀yìn aṣọ títa.

Ó dáa, ẹnu mi ni kò mọ ilé. Sátidé kan, Àǹtí Télọ̀ ń lọ síbi ìnáwó ní Ìjẹ̀gùn. Iná ò sí, inú yàrá ṣókùnkùn, ló bá gbé dígí kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó fún ìpara yẹn sọ́wọ́, ó fi pa ojú, ó fi pa ọrùn. Ó ń pa á, ó ń funfun. Ó tún ń pa á, ó tún ń funfun sí i. Ìgbà tó máa yíjú padà, ètè àti ẹyin ojú nìkan la dá mọ̀. Ọmọ Ìyá Alákàrà tó kéré jù ń tilé ìwẹ̀ bọ̀ níhòòhò, ó figbe ta, "Eégún! Eégún!", ó sá kó sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kí epo gbígbóná dà. Àǹtí Télọ̀ fi kànrìnkàn bó ojú yẹn títí, jọlọ́ọ̀fù ti tán kó tó dé Ìjẹ̀gùn. Ẹran ló bá. Egungun, ká má bàa purọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá ọ̀kánkán ló là wá lọ́yẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kí èèyàn láàárọ̀. Kì í ṣe ìgbéraga, mo ti wádìí ẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn túùbù wò, ó ní zinc oxide àti titanium dioxide ló wà níbẹ̀, pé ẹbu funfun làwọn méjèèjì, orí awọ ni wọ́n ń jókòó sí, kò sì sí bí wọn ò ṣe ní hàn lára èèyàn dúdú. Ó ní irú kejì wà tí awọ máa ń fà mu, tí kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń gba ìtànṣán náà mọ́ra, ìyẹn ò ní sọ ẹnikẹ́ni di eégún. Irú kẹta tún wà tí wọ́n po àwọ̀ ilẹ̀ mọ́, tí iron oxide wà nínú ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní àbàwọ́n dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí ni kó wá, torí ìmọ́lẹ̀ tá à ń fojú rí pàápàá máa ń mú àbàwọ́n yẹn dúdú sí i, àwọn méjì tó kù ò sì lè ká ìyẹn lápá kò.

Ìyá Alákàrà ní gbogbo ìyẹn dáa, àmọ́ èèyàn dúdú kì í lo nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá wa ò lò ó, òrí ni wọ́n fi ń pa ara. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ò jẹ̀bi tán, mà." Ó ní lọ́dún 1979 àwọn oníṣègùn awọ ní Amẹ́ríkà wọn agbára awọ dúdú, wọ́n rí i pé dúdú wa fúnra rẹ̀ tó SPF 13, nígbà tí ti òyìnbó jẹ́ 3 àti díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ tí oòrùn ń fà fi ṣọ̀wọ́n lára wa. Hẹn, ẹ ò bá wo Ìyá Alákàrà! Ó fi ṣíbí àkàrà lu etí agbada, ó jó. Òrí nìkan ló bà á lọ́kàn jẹ́, torí wọ́n ní òrí dáa fún awọ gbígbẹ, àmọ́ agbára rẹ̀ sí oòrùn ò tó nǹkan.

Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì níwájú ilé bá dá sí i, ó ní kí wá ló pa Bob Marley? Ọmọ yìí, kì í sí ìjókòó tí kì í bá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní lóòótọ́, jẹjẹrẹ awọ ló pa á lọ́dún 1981, ẹni ọdún 36, àmọ́ abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oòrùn ló fa irú ìyẹn. Ó ní tiwa sábà máa ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, pé ojú la fi ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe sọ́nskrìn: ẹni tó bá rí ilà dúdú tàbí egbò tí kò jinná níbẹ̀, kó gba ilé ìwòsàn lọ. Gbogbo wa la bọ́ bàtà. Èmi rí nǹkan kan lẹ́sẹ̀ mi, ẹ̀rù bà mí, làálì ni.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí Bàbá Dánfó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ gbà mí! Ọjọ́ tí a ti ń rí bàbá yìí pẹ́, a ò kíyè sí i rí. Apá ọ̀tún rẹ̀ ń dán, apá òsì láti ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì parí sí títí dé ọrùn ọwọ́ dúdú kirikiri, ó hunjọ, ó le koko. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni dírẹ́bà ń jókòó sí, ìgúnwọ́ òsì ló sì máa ń yọ síta. Láti Ìgàndó dé Ìyànà-Ìpájà, lójoojúmọ́ ayé, apá kan ṣoṣo yẹn ló ń bá oòrùn jà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé àwòrán awakọ̀ ẹrù kan jáde lọ́dún 2012, bàbá ẹni ọdún 69 tó ti wakọ̀ fún ọdún 28: òsì ojú rẹ̀ ti di ti arúgbó pátápátá, ọ̀tún ṣì ń jẹ́ ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gíláàsì wà láàrin òun àti oòrùn o. Gíláàsì máa ń dá UVB tó ń jó awọ dúró, àmọ́ UVA tó ń sọ awọ di hunjọ máa ń yọ́ wọlé. Bàbá Dánfó ní ó dáa tóun ò ní gíláàsì.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ń fà yọ ni pé SPF tí gbogbo èèyàn ń pariwo, ti UVB ló ń sọ jù. Ẹni tó bá fẹ́ ra ojúlówó, kó wá ibi tí wọ́n kọ broad spectrum sí, tàbí PA pẹ̀lú àmì àròpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Bí àmì yẹn bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe lágbára sí UVA tó. Ti SPF náà ò le: 15 máa ń jẹ́ kí bíi 7 nínú ìtànṣán 100 kọjá, 30 ń jẹ́ kí bíi 3 kọjá, 50 ń jẹ́ kí 2 kọjá. Nítorí náà ẹni tó ń na ìlọ́po méjì owó nítorí 100, ẹ bá mi kí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Ìkòtún ṣe wọ̀ ọ́. Ìyàwó Mẹkáníìkì, èyí tó jẹ́ Fáńtà lójú, Kóòkì lẹ́sẹ̀, gbọ́ gbogbo èyí, ó wọ máruwá lọ sí ọjà Ìkòtún lọ ra tirẹ̀. N ò ní sọ ìsọ̀ tó lọ. Ìyá tó ń ta ìpara níbẹ̀ fi igi ro nǹkan nínú ike ọ̀dà, ó ní sọ́nskrìn ni, wáìtìnìn ni, ìpara ẹsẹ̀ ni, ó ń pa làpálàpá. Àwọn èyí tó wà nínú túùbù gidi, orí tábìlì ló tò wọ́n sí, kò sí agboòrùn, oòrùn ọ̀sán ń lù wọ́n láti àárọ̀. Sọ́nskrìn tí oòrùn ti bàjẹ́ kó tó dọ́wọ́ yín! Ooru máa ń ba nǹkan yẹn jẹ́, abẹ́ ibòji ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, kì í ṣe inú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa sínú oòrùn. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ má sọ fún ìyàwó Mẹkáníìkì pé mo sọ ọ́, àmọ́ ìpara bíbóra ló gbé oòrùn bá a. Dúdú tó jẹ́ SPF 13 yẹn náà ló ń fowó ara rẹ̀ bó dànù. Láti ọdún 1976 tí Fela ti gbé Yellow Fever jáde ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè tó ń darí NAFDAC nígbà náà ní ọ̀rọ̀ ìbóra ti di pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè yìí. Òfin wọn ò gbà kí hydroquinone ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú ìpara, mercury ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá, torí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Inú ike ọ̀dà, ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹni tó bá sì lo hydroquinone pẹ́, tí oòrùn ń pa á, awọ yẹn á padà dúdú ní dúdú tí kì í ṣe ti Ọlọ́run, dúdú tó ń fẹ́ rí bíi búlúù, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka. Òun lẹ̀ ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní sọ́nbọ̀nù. Wọn a wá tún ra ìpara míì láti fi pa sọ́nbọ̀nù. Owó ọjà àwọn oníìpara ò lè tán láé.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Àǹtí Télọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ti ń lo ìpara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kán an sójú bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, kó má bàa funfun. Inú abọ́ ọṣẹ nílé ìwẹ̀ ló ń fi í sí. Ló bá rí i pé túùbù ń rù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé lílò tó tọ́ gan-an, ìlà ìpara tó gùn tó ìka méjì ni fún ojú àti ọrùn, kéèyàn ti pa á ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó jáde, kó sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bó bá wà nínú oòrùn, tàbí bó bá làágùn, torí kò sí èyí tí òógùn Èkó kì í wẹ̀ dànù. Ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, túùbù kékeré ò lè pẹ́ oṣù kan. "Àmọ́ ẹ̀yin, Àǹtí, kíkán lẹ̀ ń kán an. Ó yẹ kó tíì kún."

Háà. Nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tó sọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí Àǹtí Télọ̀ fi dúró sí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó ń pa òwe. Ó ní àwọn kan ń bímọ, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ, ohun olóhun ni wọ́n fi ń tọ́ ọ. Gbogbo ilé mọ ẹni tó ń bá wí. Ìyá ọmọ yẹn ni, èyí tó ń gbé bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ àfín.

Ìyá yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ó jáde, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó bọ́ ẹ̀wù ilé ìwé lọ́rùn ẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ìsàlẹ̀ ọrùn ọmọ ti bó, ó pọ́n, ó rọ roro ní èjìká. Etí rẹ̀ méjèèjì ti sán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó dáadáa. Ibi tí ìpara yín bá wà, ẹ fọwọ́ kàn án."

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìyá Alákàrà gan-an dákẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń gbà kó tó dákẹ́.

Orí ìlà ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ yẹn dúró sí láràárọ̀ nílé ìwé, nínú oòrùn, kí wọ́n tó gbàdúrà, kí wọ́n tó yẹ èékánná wò. Ilé ìwé wo? N ò sọ. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ti ní iyọ̀ ló ń jẹ tí ara rẹ̀ fi ń bó, wọ́n ti gba iyọ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, ó ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. Kí ló kan iyọ̀? Dúdú tó yẹ kó dáàbò bò ó ni kò sí lára ẹ̀. Ẹ rántí One Week One Trouble tá a kà nílé ìwé? Anezi Okoro tó kọ ọ́, dókítà awọ ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Òun ló yẹ àwọn àfín wò ní ilẹ̀ Íbò, ó kọ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1975: kò rí ẹyọ kan nínú àwọn tó ti kọjá ọmọ ogún ọdún tí kò ní jẹjẹrẹ awọ tàbí ohun tó máa dà á. Ogún ọdún péré! Nǹkan tí fìlà, aṣọ àti ìpara lè dá dúró. Ní Moshi ní ilẹ̀ Tànsáníà, wọ́n ń po sọ́nskrìn tiwọn, Kilisun, fún àwọn àfín, àwọn ọmọ náà ń rí i gbà nílé ìwòsàn. Níbí, orí tábìlì ìpara tònìn ni ìyá ọmọ yìí ti ń wá a, láàárín ohun tí wọ́n fi ń sọ ẹni tó dúdú di pupa, iye tí wọ́n sì ń pè é, owó oúnjẹ ni.

Èmi ò rò pé èmi tàbí Ìyá Alákàrà nílò SPF 50 láti lọ ra ata ní Ìgàndó, ẹ bá mi wí tí ẹ bá fẹ́. Akẹtẹ̀ tó gbòòrò àti ibòji tó fún wa. Àmọ́ ọmọ yẹn, bí oúnjẹ ni, 30 sókè, lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀. Aṣọ ló sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú, nítorí aṣọ tó bá ki kì í ṣí lára, kì í sì í tán láàárín oṣù.

Bóyá Àǹtí Télọ̀ tọrọ àforíjì, n ò gbọ́. Mo sì wà nítòsí. Ohun tí mo rí ni pé iná máṣíìnì rẹ̀ ò kú lóru ọjọ́ náà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ yẹn wọ yúnífọ́ọ̀mù tuntun, apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, kọ́là rẹ̀ ga bo ẹ̀yìn ọrùn, aṣọ yẹn ki dáadáa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì bá ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí tíṣà pé kí ọmọ máa dúró lábẹ́ ibòji, ó sì júwe ẹ̀ka awọ ní LUTH ní Ìdí-Àràbà fún un.

Túùbù ń rù síbẹ̀ o.

Èmi ni mo rí i. Kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni, ìgbálẹ̀ ni mo lọ mú. Bàbá onílé, ẹ mọ̀ pé orí bàbá pá, àárín gbùngbùn oòrùn ló sì máa ń jókòó ta dírááfù níwájú géètì. Wọ́n jáde nílé ìwẹ̀, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ń kọrin. Ni afẹ́fẹ́ bá ṣí fìlà. Orí bàbá funfun láti iwájú dé ìpàkọ́, etí méjèèjì náà ò gbẹ́yìn. Ìka méjì kọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, odindi àtẹ́lẹwọ́ ni.

Mo kí wọn, "Ẹ kú ìwẹ̀, Bàbá."

Wọ́n ní Rọ́ọ̀bù ni, orí ń fọ́ wọn.

Mo ní, "Rọ́ọ̀bù ọ̀hún ò ta sánsán o, Bàbá." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n bi mí pé oṣù wo lowó ilé mi parí.

Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo ń lọ. Àmọ́ mo ti sọ fún Àǹtí Télọ̀. Ó ní òun ò ní bá àgbàlagbà jà, pé òun ló ń kó owó iná jọ loṣù yìí. Ẹ kàn máa wo iye tó máa kọ sí iwájú orúkọ bàbá.